Láínà ọ̀bẹ kíká: taiténíọ̀mù ni àbí sìténlẹ́ẹ̀sì? Kájú ti ba tèmi jẹ́ o

ỌmọAjílété:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo gbé wá, ẹ má bínú. Mo ní ọ̀bẹ kíká kan tó ti tó ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ àpò ṣòkòtò. Ike dúdú ni èèkù rẹ̀, inú èèkù yẹn ni wọ́n wá to irin pẹlẹbẹ méjì sí, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, òun ni àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀bẹ ń pè ní láínà. Wọ́n gé ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí mo bá ti ṣí ọ̀bẹ tán báyìí á fò bọ́ sẹ́yìn ojú ọ̀bẹ, á tì í pa kó má baà ká lé mi níka. Sìténlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ sí páálí rẹ̀.

Kájú ọdún yìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Oko wa wà lọ́nà Ìrẹ̀sààdú, láti Fébúárì la ti ń ṣa kájú, ọ̀bẹ yìí ni mo fi ń gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́, òun ni mo fi ń já okùn ẹnu àpò, tí oòrùn bá wá mú, òun náà ni mo fi ń la èso kájú tí mo ń fà á mu. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣí i, ó ń dún kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé bàbá mi àgbà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú rẹ̀, láínà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó tún ti yọ pupa pupa létí ibi tí súkúrù wà. Sìténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní kì í dípẹtà! Àbúrò mi tó wà n'Íbàdàn ní kí n lọ ra èyí tí láínà rẹ̀ jẹ́ taiténíọ̀mù, mẹ́táàlì kan tí kì í ṣe irin, pé ìyẹn títí ayé ni. Mo wo iye tí wọ́n ń tà á, mo rọra jókòó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé owó yẹn tọ́ sí i ni àbí fáàrí lásán ni?

Ẹlẹ́nuMímú:

Fáàrí ni jàre. Ojú ọ̀bẹ ló ń gé nǹkan, láínà kì í gé nǹkan kan, inú èèkù ló jókòó sí bí ọba. Ẹ fi owó ẹyọ kan yẹn ra ọ̀bẹ méje, tí kájú bá jẹ ọ̀kan ẹ mú òmíràn. Ẹ máa wo àwọn tó ń ra taiténíọ̀mù yẹn, wọn kì í fi gé ju téèpù ara páálí lọ.

ÌyáMáńgòrò:

Ọmọ mi, ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ máńgòrò lọ́jà ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án, kò ní láínà, kò ní lọ́ọ̀kì, alaalẹ́ ni mò ń fi omi ṣàn án tí mo ń nù ún gbẹ. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo fọ tìẹ kẹ́yìn?

ỌmọAjílété:

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àṣírí mi síta 😂 mi ò fọ̀ ọ́ rí o. Ara ṣòkòtò ni mo máa ń nù ún sí.

ẸńjíníàAgbo:

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ka ti Ẹlẹ́nuMímú mo rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ òótọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó mú sìténlẹ́ẹ̀sì dípẹtà ná, torí ìyẹn ló bí gbogbo ìbéèrè yìí.

Irin tí wọ́n bá ti po kúrómíọ̀mù mọ́, tó tó bíi 10.5 nínú 100, òun ni wọ́n ń pè ní sìténlẹ́ẹ̀sì. Kúrómíọ̀mù yẹn àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n jọ máa ń ta awọ fẹ́lẹ́ kan tójú ò rí bo gbogbo ara irin, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà ráyè. Ṣíbí tẹ́ ẹ fi ń jẹun nílé, kúrómíọ̀mù inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó 18, níkẹ́lì, mẹ́táàlì míì, bíi 8 tàbí 10 tún wà níbẹ̀, ó lè sùn sínú omi ọbẹ̀ kó jí láìsí nǹkan. Láínà ọ̀bẹ kọ́ nìyẹn o. Èyí tí wọ́n sábà ń lò fún láínà ni wọ́n ń pè ní 410 tàbí 420, kúrómíọ̀mù rẹ̀ ò ju bíi 11.5 sí 14 lọ, torí irú ìyẹn ló ṣe é fi iná sọ di líle. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ó tètè ń dípẹtà ju ṣíbí lọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìwà wọn ò dọ́gba, bí ọmọ ìyá méjì.

Ẹ tún wo ibi tí láínà ń gbé. Inú èèkù, ibi tó há gádígádí. Omi kájú wọ ibẹ̀, kò rọ́nà jáde, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè dé ibẹ̀ tí awọ yẹn ì bá fi tún ara rẹ̀ ta. Kájú tún ní kiní kan tó máa ń mú ẹnu èèyàn fún pọ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, tánìnì, ìyẹn tó bá fara kan irin á sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Torí náà àbúrò mi ỌmọAjílété, dúdú tẹ́ ẹ rí yẹn lè má jẹ́ ìpẹtà rárá. Èyí tó pupa létí súkúrù ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Taiténíọ̀mù náà máa ń ta awọ tiẹ̀, àmọ́ awọ tirẹ̀ le dé ibi pé iyọ̀ òkun gan-an ò rí i gbé ṣe. Òógùn, kájú, òjò, ẹ fi í sílẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìpẹtà nìkan, taiténíọ̀mù ti jẹ. Ìpẹtà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà sá.

Ẹlẹ́nuMímú:

Ẹ̀gbọ́n Ẹńjíníà, ẹ ò sọ fún wọn pé ó fúyẹ́? Gbólóhùn tí gbogbo olólùfẹ́ taiténíọ̀mù fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "ó fúyẹ́, ó fúyẹ́". Kí ló fúyẹ́? Ṣé orí lẹ fẹ́ fi rù ú ni?

ẸńjíníàAgbo:

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ká má kàn máa pariwo. Mo fi rúlà wọn láínà ọ̀bẹ tèmi, gígùn rẹ̀ 100 mìlímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 20, ó nípọn 1.5. Ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta 3. Sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan sìténlẹ́ẹ̀sì tó bíi gíráàmù 7.75, ti taiténíọ̀mù tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀bẹ jẹ́ 4.43. Láínà sìténlẹ́ẹ̀sì kan á wá tó gíráàmù 23, ti taiténíọ̀mù á tó 13. Ẹ ṣe ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà méjì torí méjì ni wọ́n, ẹ ó rí i pé ohun tí taiténíọ̀mù gbà lọ́wọ́ yín ò ju bíi gíráàmù 20 lọ. Bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi máa ń lu sìténlẹ́ẹ̀sì ní ihò ihò bí asẹ́ nìyẹn, kí wọ́n lè dín wúwo rẹ̀ kù. Ẹ tú ọ̀bẹ Spyderco Paramilitary 2 wò, láínà sìténlẹ́ẹ̀sì ló wà nínú rẹ̀, ihò ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, wọ́n sì rì í mọ́ inú èèkù. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọ̀bẹ yẹn tó máa ní ó wúwo. Tó bá wá jẹ́ ọ̀bẹ ńlá tí láínà rẹ̀ nípọn tí wọn ò lu níhò, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ìyàtọ̀, ẹ ó kàn rí i tí ṣòkòtò ń ya bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń tà á ni pé taiténíọ̀mù máa ń tẹ̀ ju irin lọ. Tẹ́ ẹ bá mú méjèèjì tí wọ́n nípọn bákan náà tẹ́ ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, agbára tí taiténíọ̀mù fi ń kọ̀ fi díẹ̀ lé ìdajì ti irin. Kó lè gan bí irin, ó gbọ́dọ̀ nípọn jù ú lọ ní bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Irin mìlímítà 1.5, taiténíọ̀mù 1.8. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣe é nípọn tó bẹ́ẹ̀, nínú gíráàmù 20 tá a ní a jèrè yẹn, ó ku bíi 14.

ỌmọAjílété:

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé o. Àbúrò mi ní taiténíọ̀mù le ju irin lọ fíìfíì, pé òun ni wọ́n fi ń ṣe bàálù. Ṣé irọ́ ló pa fún mi ni?

ẸńjíníàAgbo:

Kò parọ́, ìdajì ló gbọ́. Wọ́n ń fi ṣe bàálù lóòótọ́, wọ́n ń fi ṣe kiní tí dókítà fi ń to egungun tó bá kán pẹ̀lú, torí agbára tó ní pọ̀ ju bó ṣe wúwo lọ àti pé ara èèyàn kì í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n "ó lágbára" yàtọ̀ sí "ó le". Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn líle irin wọn ọ̀bẹ yín, ojú ọ̀bẹ tó dáa á fún yín ní bíi 58 sí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, taiténíọ̀mù Grade 5 (nínú 100 rẹ̀ 6 jẹ́ alumíníọ̀mù, 4 jẹ́ vanadium) ò kọjá bíi 36. Rírọ̀ ló rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀bẹ. Ẹ wá rántí iṣẹ́ tí láínà ń ṣe, orí rẹ̀ ló ń lọ gbá ìdí ojú ọ̀bẹ mú nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Nǹkan rírọ̀ ń fi orí gbá nǹkan líle ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ẹ sọ èyí tó máa kọ́kọ́ jẹ.

Afingbá_Ọ̀yọ́:

Ibi tí mò ń dúró dè nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Iṣẹ́ igbá fínfín ni mò ń ṣe níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, ọ̀bẹ tá a fi ń fín igbá kì í ká, alágbẹ̀dẹ ló máa ń rọ ọ́ fún wa, ẹnu rẹ̀ kékeré bí èékánná. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé l'Ámẹ́ríkà fi ọ̀bẹ kíká aláínà taiténíọ̀mù ránṣẹ́ sí mi, mo ń fi ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́, mo ń fi ha inú igbá, mo ń fi gé awọ tí mo fi ń ṣe okùn rẹ̀. Ó wù mí gidi, ó ń dán wẹ́rẹ́.

Kò ju oṣù méjì lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o, tí mo bá ti ṣí i, láínà á lẹ̀ mọ́ ìdí ojú ọ̀bẹ bí ẹni fi àtè lẹ̀ ẹ́. Kí n tó lè pa á dé, màá fi àtàńpàkò méjèèjì tì í, á wá ta "ták!" kó tó tú. Lọ́jọ́ kan bó ṣe ta báyìí ọwọ́ mi yọ̀, ó gé mi níbi ìdí àtàńpàkò, àpá rẹ̀ ṣì wà. Mo rò pé gọ́ọ̀mù ni, mo fọ̀ ọ́, ó ṣì ń lẹ̀. Mo fi òróró sí i, ó tún wá burú sí i torí láínà fẹ́ máa yọ̀ kúrò nídìí ọ̀bẹ. Ẹnì kan ló wá ní kí n fi pẹ́ńsù kun orí láínà, ibi tó ti ń kan ìdí ojú ọ̀bẹ. Pẹ́ńsù lásán tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ̀wé. Wọ̀láhì ó tú! Ó ń tì, ó ń tú, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan màá tún un kùn.

ẸńjíníàAgbo:

Ẹ kú ewu o. Ohun tó ṣe yín nìyẹn gan-an ni. Taiténíọ̀mù tó bá ń ha ara irin líle máa ń fà mọ́ ọn, díẹ̀ lára rẹ̀ á ṣí á lẹ̀ mọ́ ara irin, taiténíọ̀mù á wá máa ha taiténíọ̀mù, ìyẹn ló ń lẹ̀. Pẹ́ńsù ń ṣiṣẹ́ torí dúdú inú rẹ̀ máa ń yọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn oníṣẹ́ ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń gbà á sílẹ̀. Ọ̀nà kan, wọ́n á fi iná mànàmáná ta carbide (kì í ṣe ti wẹ́dà o, tungsten carbide tó le kokoko ni) sí orí láínà níbi tó ti ń kan ojú ọ̀bẹ. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé irin líle kékeré kan, kí wọ́n fi súkúrù dè é mọ́ orí taiténíọ̀mù yẹn, kó lè jẹ́ irin ló ń kan irin, ilé iṣẹ́ ọlọ́bẹ kan tó ń jẹ́ Zero Tolerance ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò o: ẹ sanwó taiténíọ̀mù tán, irin lẹ tún wá lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Ẹlẹ́nuMímú:

HAHAHA mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀. Irin ni bàbá.

Alágbẹ̀dẹ_Akẹ̀sán:

Ẹ rọra o Ẹlẹ́nuMímú. Èmi tí mò ń rọ irin láti kékeré, mi ò ní bú taiténíọ̀mù. Ẹnì kan gbé ajẹkù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, ó ní kí n fi rọ ọ̀bẹ fóun. Mo kì í sínú iná, mo fẹ́ ẹwìrì sí i, ó pọ́n dáadáa bí irin. Mo gbé e sórí owú, mo lù ú, ó ń gbọ́rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo tún dá a padà sínú iná, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó tutù tán mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí gúgúrú. Wọ́n wá là mí lóye pé tó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ ló máa ń fa afẹ́fẹ́ mu, òde ara rẹ̀ á wá gan pa. Ògún ò tíì bá kiní yẹn da òwò pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́.

Kókó kan tí mo fẹ́ mú wá, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé láínà nìkan ló ń di ọ̀bẹ mú. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ọ̀bẹ yín, ẹ kọjú ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí láínà dúró sí lẹ́yìn ìdí ojú ọ̀bẹ. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ló dúró sí, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta, ó dáa, ó ṣì láyè tó máa jẹ. Tó bá jẹ́ pé ó ti rìn rékọjá débi tó fẹ́ẹ́ kan láínà kejì, ì báà jẹ́ taiténíọ̀mù ì báà jẹ́ wúrà, ọ̀bẹ yẹn ti darúgbó. Ẹ di èèkù mú lọ́wọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kejì mi ojú rẹ̀ sókè sódò. Tó bá ń mì, ẹ má fi gé nǹkan tó le. Ọ̀bẹ sìténlẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n gé orí láínà rẹ̀ dọ́gba mọ́ ìdí ojú ọ̀bẹ, mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e ju taiténíọ̀mù tí wọ́n gé wọ́gọwọ̀gọ lọ.

ỌmọAjílété:

Bàbá, mo dúpẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo tèmi báyìí, kò tíì dé ìdajì, kò sì mì. Àbí ẹ ń wí fún mi pé kò sí nǹkan tó ṣe é?

Onírin_Tákíé:

Ẹ má tíì sáré o, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìsọ̀ tèmi ò jìnnà sí Tákíé, mo ń ta irinṣẹ́, ọ̀bẹ kíká náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ "titanium" sí lára o jàre. Púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀dà tàbí àwọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wí, irin ló wà nínú. Ẹ mú òòfà dání tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ti ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó bàjẹ́ náà á ṣe é. Tó bá ti gbé láínà, taiténíọ̀mù kọ́ nìyẹn, kò sí àwíjàre. Tí kò bá gbé e, ẹ má tíì yọ̀, torí sìténlẹ́ẹ̀sì oníṣíbí yẹn kì í sábà lẹ̀ mọ́ òòfà, alumí náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tọ́rọ̀ ti ń tán ni gíráńdà. Tẹ́ ẹ bá fi etí rẹ̀ kan gíráńdà fẹ́ẹ́rẹ́, iná tí irin máa ń ta pọ́n bí ọsàn, taiténíọ̀mù á ta funfun báláú bíi ti wẹ́dà, alumí ò ní ta iná rárá. Àmọ́ ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ ò tíì rà kan gíráńdà 😂

Alágbẹ̀dẹ_Akẹ̀sán:

Ẹni tó bá fẹ́ lọ̀ ọ́ o, ẹ gbá ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iyẹ̀fun rẹ̀ máa ń gbiná, tó bá sì ti gbiná ẹ má da omi sí i, iyanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ dà lé e. Omi ló máa jẹ́ kó ru.

Afingbá_Ọ̀yọ́:

Ìbéèrè kékeré kan. Láínà tèmi ní àwọ̀ búlúù tó fẹ́ pọ́n bí àlùkò, tẹ́ ẹ bá yí i sí oòrùn á yí padà. Ṣé ọ̀dà ni wọ́n kùn ún ni?

ẸńjíníàAgbo:

Kì í ṣe ọ̀dà rárá, kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí awọ fẹ́lẹ́ tí mo ní taiténíọ̀mù máa ń ta? Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú kí awọ yẹn nípọn sí i. Wọ́n á rì í sínú omi tí wọ́n po sódà ìdáná sí, wọ́n á fi iná bátìrì kàn án, bí agbára iná bá ṣe pọ̀ sí ni awọ á ṣe nípọn sí, ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára rẹ̀ ló ń di àwọ̀ lójú wa, bíi ti epo pẹtiróòlù tó bá dà sórí omi òjò. Bátìrì oníhòrí méjì ti 9V yẹn, mẹ́ta rẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ tẹ̀léra, 27V, ti tó láti fún yín ní irú àlùkò àti búlúù tẹ́ ẹ wí yẹn. Sìténlẹ́ẹ̀sì ò lè ṣe irú èyí fún yín. Ká má parọ́, ó rẹwà. Ẹ kàn má fi nǹkan líle ha á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un torí ó bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Lọ́ọ̀kì onílàínà tí gbogbo wa ń lò yìí, oyinbó kan tó ń jẹ́ Michael Walker l'Ámẹ́ríkà ló tún un ṣe dé bó ṣe wà lónìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Irú rẹ̀ ti wà ṣáájú, àmọ́ òun ló fi ìlẹ̀kẹ̀ irin kékeré kan sínú láínà tó ń di ojú ọ̀bẹ mú nígbà tó bá wà ní dídé, kó má baà ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò. Ẹ tú ọ̀bẹ yín wò, ẹ ó rí i, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tó yá Chris Reeve, ọmọ South Africa tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ní kí ló dé tá a ń to láínà sínú èèkù, kí èèkù fúnra rẹ̀ jẹ́ taiténíọ̀mù kó sì jẹ́ lọ́ọ̀kì. Ó yọ láínà kúrò pátápátá. Sebenza ló sọ ọ̀bẹ yẹn, èdè Súlú ni, "iṣẹ́" ló túmọ̀ sí.

Ẹlẹ́nuMímú:

Opinel tí àwọn ará Faransé ń lò ńkọ́? Igi ni èèkù rẹ̀, kò ní láínà kankan, òrùka irin ni wọ́n ń yí kó tó tì. Láti àwọn ọdún 1890 ni wọ́n ti ń ṣe é, àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí kájú nílò nìyẹn, kò sí ibi tí omi rẹ̀ máa sá pamọ́ sí.

ẸńjíníàAgbo:

Òrùka yẹn ò bá a dé látìbẹ̀rẹ̀ o, ọdún 1955 ni wọ́n tó fi sí i. Ẹ wá jẹ́ kí òjò pa igi yẹn, kó wú, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ṣí i. Ẹ ó wá mi wá.

Ẹlẹ́nuMímú:

...mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Eyín ni mo fi ṣí i. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

ÌyáMáńgòrò:

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ọmọ yẹn ò tíì fọ ọ̀bẹ rẹ̀.

ỌmọAjílété:

Ìyá wa mo ti fọ̀ ọ́ o! Àlàyé rèé. Alẹ́ àná ni mo yá kọ́kọ́rọ́ onírawọ̀ kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ kan, mo tú u. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tí mo bá níbẹ̀! Fọ́nrán àpò, ìyẹ̀pẹ̀ oko, omi kájú tó ti gbẹ tó le bí oje igi, òkú èèrà kan tún wà níbẹ̀. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Ẹ̀gbọ́n Ẹńjíníà sòótọ́, èyí tó dúdú ò jẹ irin rárá, àwọ̀ lásán ni, mo fọwọ́ pa á, ó ń dán, dúdú náà kàn wà níbẹ̀ ni. Èyí tó pupa ni mo fi kẹrosíìnì nù, ó kúrò, ó fi kòtò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ létí ihò súkúrù. Ibi tí láínà ti ń gbá ìdí ojú ọ̀bẹ mú ń dán gbinrin, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo fi òróró máṣíìnì ìránṣọ kán ẹ̀kán kan sí ibi tí ojú ọ̀bẹ ti ń yí, mo nu èyí tó kù.

Ó ń ṣí báyìí, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ! Kò dún mọ́.

Torí náà mi ò ra taiténíọ̀mù o, ó kéré tán kì í ṣe ọdún yìí. Mo rò ó pé gíráàmù mẹ́rìnlá tàbí ogún ò ni mí lára lóko, lílẹ̀ tí Afingbá sọ yẹn ló tún wá bà mí lẹ́rù, torí ọwọ́ kan ni mo fi ń pa á dé, ọwọ́ kejì máa ń wà lára ẹ̀ka. Ká ní etí òkun ni mò ń gbé ni, tàbí ká ní mo máa ń làágùn bíi ti bọ̀dá mi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ìyẹn ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Mo ti wí fún àbúrò mi, ó ní ahun ni mí.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń dè é padà, súkúrù kan ta bọ́ sínú yanrìn ẹnu ọ̀nà, nínú òkùnkùn, iná NEPA ò sì sí. Mo rántí ọ̀rọ̀ Onírin_Tákíé, mo lọ yọ òòfà ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ kan, mo fà á kiri inú yanrìn, súkúrù fò mọ́ ọn. Ká ní ọ̀bẹ taiténíọ̀mù ni, mi ò bá ṣì wà níbẹ̀ títí di ìsìnyí.

Onírin_Tákíé:

Súkúrù ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ taiténíọ̀mù, irin náà ni o. Òòfà á gbé e.

ỌmọAjílété:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n jẹ ìgbádùn ìtàn mi ná 😂